Nọ́ńbà Mẹ́fà

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà nílé-ìwé wa ní Ògìdì:
ọ̀kan fọ́jú, ọ̀kan yadi,
ẹ̀kẹta ń dúró de iná tó ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì.
Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ya fóònù sára pátákó,
ojú rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀, bátìrì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.
Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó jọ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́ ilé.

Mo ní, ó dáa, búlọ́ọ̀kù yín ń dún.
Ẹnì kan ló pè. Ó ní láti báńkì ni.
Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.
Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ wá bá yín báyìí,
kí ẹ jọ̀ọ́ kà á fún òun. Kí lẹ máa ṣe?
"A ó kà á!" ìjókòó iwájú.
"A ó bú u!" ìjókòó ẹ̀yìn.
Bọ́ṣẹ̀dé, tí kì í lanu títí agogo yóò fi lù,
béèrè pé ta ló ni nọ́ńbà ọ̀hún gan-an.
Ó kù díẹ̀ kí n jó.

Mo kọ ọ́ gàdàgbà: ẹni tí nọ́ńbà tọ̀ wá ló ni í.
Ẹni tó kan àpótí kì í tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àlejò.
Orúkọ ìyá yín kì í ṣe páásíwọọ̀dù.
Ọjọ́ ìbí yín náà kọ́,
ẹ̀yin tí ẹ ti gbé e sí Fesibúùkù tòun ti àwòrán kéèkì.

Ìgbà náà ni Ayédọgbọ́n nàka sókè
(bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́, kì í ṣe ìnagijẹ):
"Anti, ṣé wọ́n ti lù yín ní jìbìtì rí?"

Ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
Rárá ti wà lẹ́nu mi, ó kù kí n tu ú síta.
Lókè, ẹ̀fúùfù ń fa páànù kan
tó ti yẹ̀ láti òjò èṣí.

Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni.
Nínú ọkọ̀ ni, mo ń ti Kàbà bọ̀,
owó ẹgbẹ́ àwa tíṣà wà nínú àkáǹtì mi,
ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà.
Ẹni tó pè mí ò sọ Gẹ̀ẹ́sì rárá.
Òkun o, ló fi bẹ̀rẹ̀.
Òkun, ẹ̀yin ọmọ mi! Gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.
Mo dáhùn, ọkàn mi sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀.
Kí ọkọ̀ tó gun òkè kejì tán
mo ti kà á fún un, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ka ábídí.
Mo ṣì ń san án. Lóṣooṣù.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.
Èyí, wọn ò kọ ọ́.
Wọ́n kàn ń wò mí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ayédọgbọ́n sáré wọlé kí n tó pe orúkọ tán.
Ìyá-ìyá rẹ̀ ni, tó ń hun aṣọ lẹ́yìnkùlé.
Ẹnì kan pè é, ó ń gbọ̀n lóhùn:
"Òkun o, Màmá, èmi ọmọ yín ni, l'Ábújá,
ọlọ́pàá ti mú mi, ẹ bá mi wá owó."
Arúgbó ò dá òwú dúró.
Ó ní, "Òkun.
Àwọ̀ òwú wo ló já mọ́ ọ lọ́wọ́
lọ́jọ́ tí o lóo fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, tí o sunkún wọlé?"
Fóònù dákẹ́.
Ó dákẹ́ títí, a gbọ́ adìyẹ ará ibẹ̀ tó ń ké.
Lẹ́yìn náà ó gé.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi.
Mo ní, àwọ̀ wo wá ni?
Ọmọ náà wò mí látòkè délẹ̀.
"Anti," ó ní, "kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"